Òjìji Yẹ́lò Kì Í Ṣe Dúdú: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkun Ère Kékeré

Ẹni tí ó bá ti kun ère kékeré fún eré ogun orí tábìlì rí ni yóò mọ̀ pé kò sí àwọ̀ tí í dójú tini bíi yẹ́lò. Ère náà kò ju nǹkan bíi 28 sí 32 mìlímítà lọ ní gíga, síbẹ̀ a ní láti kun ún débi pé ẹni tí ó dúró ní òdìkejì tábìlì yóò rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà lé èjìká rẹ̀ àti ibi tí òjìji ti bọ́ sí abẹ́ apá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aró tàbí àwọ̀ ewé ni, iṣẹ́ yìí kì í le: a ó pò dúdú díẹ̀ mọ́ ọn fún òjìji, a ó sì pò funfun díẹ̀ mọ́ ọn fún ibi tí ó ń tàn. Ọ̀nà kan náà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé lọ bá yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kun àwọn ọmọ ogun Imperial Fists ti ilé iṣẹ́ Games Workshop, tí ìhámọ́ra wọn jẹ́ yẹ́lò láti orí dé ẹsẹ̀, tàbí àwọn Fire Dragons tí tiwọn jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Àṣìṣe tí ó jẹ́ ìyá gbogbo wọn ni fífi dúdú ṣe òjìji yẹ́lò. Kán ẹ̀kán ọ̀dà dúdú kan sínú yẹ́lò kí o sì rò ó pọ̀, ohun tí yóò jáde ni àwọ̀ ewé tí ó ti ń rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dà dúdú máa ń hùwà bí aró tí ó ṣókùnkùn nígbà tí a bá pò ó mọ́ àwọ̀ mìíràn, aró àti yẹ́lò kò sì lè pàdé kí wọ́n má bí àwọ̀ ewé. Ojú wa pẹ̀lú ń dá kún un, nítorí yẹ́lò tí a bá kàn dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kì í jọ yẹ́lò lójú ènìyàn mọ́.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti na ọwọ́ sí ọ̀nà àbáyọ. Pupa, dúdú àti funfun ni orúkọ àwọ̀ mẹ́ta tí àwọn baba wa fi ń pín nǹkan, yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn àti búráùn sì wà nínú pupa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àárín ẹyin ní pupa ẹyin títí di òní. Inú pupa yìí ni kí ẹni tí ń ṣe òjìji yẹ́lò dúró sí. Wo epo pupa nínú abọ́ funfun: létí abọ́, níbi tí epo ti fẹ́lẹ́, yẹ́lò ni, bí ó ti ń jìn sí i ni ó ń di àwọ̀ ọsàn, nígbà tí ó bá sì di àárín abọ́, ó ti pọ́n bí osùn. A kò kán dúdú sí i níbì kankan, síbẹ̀ ojú rí i pé ó jìn. Bákan náà ni kí yẹ́lò ara ère kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí àwọ̀ ọsàn, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sí búráùn tí ó fà sí pupa, bíi Mournfang Brown ti Citadel, ìyẹn ọ̀dà tí Games Workshop ń tà, kí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní oríkèé ìhámọ́ra nìkan sì gba búráùn tí ó ṣókùnkùn jù lọ.

Àwọn kan tí wọ́n ti kọ́ nípa òbìrípo àwọ̀, àwòrán roboto tí a to àwọn àwọ̀ yí ká, a máa sá fún dúdú, wọn a wá kó sọ́wọ́ àwọ̀ elése àlùkò, nítorí pé òun ni ó kọjú sí yẹ́lò lórí òbìrípo náà. Ìmọ̀ràn náà kò burú, lílò rẹ̀ ni ó máa ń kù díẹ̀ káàtó. Bí a bá pò wọ́n lórí àwo, méjèèjì a pa ara wọn, wọn a sì di ẹrẹ̀. Tín-ín-rín elése àlùkò tí a fi omi là dáadáa, tí a fi sínú kòtò tí ó jìn jù lọ lẹ́yìn tí búráùn ti gbẹ níbẹ̀, ti tó.

Èyí tí mo rò pé ó ń ba ère jẹ́ jù lọ ni dída wọ́ọ̀ṣì bo gbogbo ara rẹ̀. Wọ́ọ̀ṣì ni ọ̀dà òjìji tí ó ṣàn bí omi, tí a ṣe kí ó lè wọ inú kòtò fúnra rẹ̀. Lórí irun ẹranko tàbí aṣọ tí ó ká jọ, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhámọ́ra tí ó tẹ́jú kò fún un ní ibi tí yóò ṣàn lọ, nítorí náà yóò dúró sójú kan, etí rẹ̀ yóò gbẹ ṣáájú àárín, yóò sì fi àmì roboto sílẹ̀ bí àbàwọ́n tíì lára aṣọ funfun. Bí ó bá jẹ́ ara aró ni, ojú lè fò ó. Ara yẹ́lò kò bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Ère márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo kun ní yẹ́lò, wọ́ọ̀ṣì dúdú ni mo dà lé gbogbo wọn lórí ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n dà bí ẹni tí a fà jáde láti abẹ́ ọkọ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì.

Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú ni kí a lò, kí a fi tọ oríkèé àti etí ìhámọ́ra nìkan, kí a sì ní búrọ́ọ̀ṣì kejì tí ó lọ́rinrin nítòsí láti nu èyí tí ó bá kọjá àyè rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Nínú àwọn wọ́ọ̀ṣì Citadel, Reikland Fleshshade tí ó fà sí pupa àti Seraphim Sepia ni ó bá yẹ́lò mu. Fuegan Orange dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọ̀ náà máa dán bí iná. Agrax Earthshade tí gbogbo ayé fẹ́ràn yóò sọ yẹ́lò di ìdọ̀tí, èyí tí kò burú bí ọmọ ogun náà bá ń ti inú ẹrẹ̀ bọ̀ lóòótọ́. Àwọn tí wọ́n ń lo ọ̀dà olóróró fún iṣẹ́ yìí tún ní àṣìṣe tiwọn: wọ́n ń gbàgbé láti kọ́kọ́ fi fáníìṣì tí ń dán bo ère náà. Lórí ojú tí kò dán, òróró yóò fà mọ́ ibi tí ó bá bọ́ sí. Lórí fáníìṣì tí ń dán, yóò sáré gba inú ìlà lọ, a ó sì lè nu ìyókù kúrò.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀bi náà ti wà ní ìsàlẹ̀ kí òjìji tó dé. Ẹni tí ó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ dúdú bo ère tí ó fẹ́ kun ní yẹ́lò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Yẹ́lò fẹ́lẹ́: ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tí ó wà lábẹ́ ni ó sì ń dá a padà sí ojú wa, nítorí náà dúdú abẹ́ rẹ̀ yóò tún sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Olúwarẹ̀ yóò wá máa kun ún ní ìpele-ìpele títí ọ̀dà yóò fi ki bí àmàlà, tí ìrísí ojú ère náà yóò sì parẹ́. Funfun dára ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n píǹkì ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ń fún yẹ́lò ní ooru láti ìsàlẹ̀ wá, tí òjìji yóò fi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí píǹkì lè fi Averland Sunset bẹ̀rẹ̀, yẹ́lò tí ó fà sí àwọ̀ ilẹ̀ tí ó sì bo nǹkan dáadáa, kí ó wá fi yẹ́lò tí ó mọ́lẹ̀ lé e ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta tí ó fẹ́lẹ́, kí ó jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó dé.

Ní ti ibi tí ó ń tàn, ẹ má ṣe lé funfun ju bí ó ti yẹ lọ. Yẹ́lò fúnra rẹ̀ ti sún mọ́ funfun jù nínú ìmọ́lẹ̀, àyè tí ó ṣẹ́kù lókè kò tó nǹkan. Ìsàlẹ̀ ni kí ìyàtọ̀ ti wá. Kí yẹ́lò tí a fi bo ara ère ṣókùnkùn díẹ̀ ju èyí tí a ní lọ́kàn lọ, kí yẹ́lò tí ó mọ́ jù lọ wà fún etí àti orí igun, kí funfun sì jẹ́ ẹ̀kán kékeré ní igun méjì tàbí mẹ́ta péré.

Àwọ̀ ọsàn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú funfun, nítorí pé ṣe ni yóò di àwọ̀ ara òyìnbó. (Orúkọ yìí pàápàá kò tọ́ tó fún wa: ọsàn tí a ń bó jẹ nílé, ewé ni àwọ̀ èèpo rẹ̀. Àwọ̀ epo ni ìbá dára kí a máa pè é.) Yẹ́lò ni kí a fi mú un mọ́lẹ̀, pupa ni kí a fi mú un ṣókùnkùn, kí a sì parí rẹ̀ sí búráùn. Ẹ má sì jẹ́ kí búráùn yìí gba àyè púpọ̀, nítorí pé àwọ̀ ọsàn tí ó ṣókùnkùn ti jẹ́ búráùn tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ju bí ó ti yẹ lọ, ẹni tí ó ń wo ère náà yóò rò pé awọ ni a fi rán ìhámọ́ra rẹ̀.

Omi tí a fi ṣan búrọ́ọ̀ṣì aró kì í ṣe omi tí a fi ń la yẹ́lò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gílóòbù pẹ̀lú ń tan ènìyàn jẹ: lábẹ́ iná pupa ti 2700 kelvin (kelvin ni a fi ń wọn àwọ̀ iná), yẹ́lò àti funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, òjìji tí a ṣe lálẹ́ yóò sì jọ ọ̀gbun nígbà tí a bá gbé ère náà sí ojú ọ̀sán. Èyí tí ó wà láàárín 5000 sí 6500 kelvin ni kí a fi ṣiṣẹ́.

Bí ère kan bá ti di àwọ̀ ewé mọ́ ni lọ́wọ́, ẹ má ṣe da yẹ́lò lé e lórí lójú ẹsẹ̀, nítorí pé àwọ̀ ewé yóò gba inú rẹ̀ yọ. Ẹ fi omi la búráùn pupa títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí omi tíì, kí ẹ fi kan ibi tí ó ti bàjẹ́ nìkan: pupa ni ó ń pa àwọ̀ ewé, ibẹ̀ yóò sì padà di òjìji gidi. Nígbà tí ó bá ti gbẹ pátápátá ni kí ẹ tó mú yẹ́lò padà sí etí àti orí igun, kí ẹ sì fi inú kòtò sílẹ̀ bí ó ti wà.