Ẹ Jẹ́ Ká Nasẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ìrìn Ìgbafẹ́ ní Agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àgbẹ̀ tó bá rí àkọlé yìí lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń rin ọ̀nà oko láti kékeré, kí ló tún ń wá nínú ìrìn? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, mélòó nínú wa ló ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko? Ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ìdí kòkó. Òun náà ló ń gbé ìyá lọ sí Ọjà Ọba, kẹ̀kẹ́ sì ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Ìwọ̀nba ìrìn tó kù fún wa, ẹrù ló wà lórí rẹ̀, ìkánjú ló sì ń lé e. Ìrìn tí à ń sọ níbí yàtọ̀: ọwọ́ òfo, ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́, ojú tó ráyè wo igi àti omi.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀. Ìrìn wà lára rẹ̀. Ẹ pín in sí 30 ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún, ó ti pé. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí kò jẹ́ kí ẹ kọrin, ìwọ̀n tó yẹ nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí orúnkún ń bá jà, kó kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì ìlera àdúgbò sọ̀rọ̀, kó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀.

Ibo la ó gbà?

Ọ̀nà oko tiyín ni ká ti kọ́kọ́ mú. A kì í san owó ọkọ̀ dé ibẹ̀, ẹ sì mọ gbogbo kùkùté tó wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ kó àwọn ọmọ lẹ́yìn, kí ẹ fi igi hàn wọ́n. Ó ń yani lẹ́nu bí ọmọ Àkúrẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yunifásítì kò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrókò àti arère.

Ẹni tó bá fẹ́ igbó gidi, igbó ọba Àkúrẹ́ wà ní ìhà Àpọ́nmù, lójú ọ̀nà tó lọ sí Oǹdó. Arère, ọ̀fun àti afàrà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayùn agégẹdú ti dín wọn kù púpọ̀. Igbó tí ìjọba ń ṣọ́ ni, nítorí náà ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó kí ẹ tó wọlé, kí ẹ má sì kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n bá fi hàn yín.

Fún omi, Ọ̀wẹ̀nà ló dára jù, níbi tí wọ́n ti sé odò náà di adágún. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù lówùúrọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ibi tó yẹ kéèyàn rìn dé, torí ìsédò kì í ṣe pápá ìṣeré. Etí odò Àlà tó la ìgboro Àkúrẹ́ já, a kò ní dámọ̀ràn rẹ̀. Pàǹtí pọ̀ níbẹ̀, odò náà sì máa ń kún bo ilé lákòókò òjò.

Ìdànrè ńkọ́? Gbogbo àlejò ló ń béèrè rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: ó wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ní 2007 fún àyẹ̀wò bóyá wọ́n á sọ ọ́ di ogún àgbáyé. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ààfin Ọwá àtijọ́ sì ṣì wà lókè níbẹ̀. Àmọ́ ká sọ òótọ́, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, kì í ṣe ìrìn ìgbafẹ́ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ẹ jókòó níbẹ̀, ẹ mu omi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹni tí kò bá lè dé òkè, kó dúró sísàlẹ̀ kó máa wo àpáta. Ibẹ̀ náà lẹ́wà.

Àkókò àti ìmúra

Láti Oṣù kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbẹ jù. Lákòókò ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ díẹ̀ kí ẹ tó jáde. Nígbà òjò, òwúrọ̀ ló dára, torí ọ̀sán ni àrá sábà máa ń sán. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àpáta, ẹ kúrò létí omi, ẹ má sì sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá dúró.

Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀, inú ewé gbígbẹ ló máa ń fara pamọ́ sí. Ọ̀pá kan lọ́wọ́ tó láti fi tú ewé níwájú. Bí ejò bá buni ṣán, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má so okùn mọ́ ọn pinpin. Ẹ mú kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́, kí ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Yèrèpè náà wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó bá ti fara kàn án rí kò nílò àlàyé.

Omi tó dúró sójú kan, ẹ má wẹ̀ nínú rẹ̀, kí ọmọ má sì kàn wọ inú rẹ̀ ṣeré. Ìgbín kéékèèké inú rẹ̀ ló ń gbé àrùn tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ ẹ̀jẹ̀. Etí odò tó ń sáré lórí òkúta ni àwọn eṣinṣin dúdú tí ń ba ojú jẹ́ ti ń pamọ. Ẹ má jókòó pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fojú fò lóde òní. Ẹ má nìkan wọ igbó, ẹ sọ fún ará ilé ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti ìgbà tí ẹ ó dé. Níbi tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn bí ọ̀nà ṣe rí.

Oko olóko

Bí ẹ bá bá ẹni tó ń roko, ẹ kí i: "Àrokobọ́dún o!" Yóò dáhùn, yóò sì mọ̀ pé olè kọ́ ni yín. Ibi tí ẹ bá rí ààlè, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Màrìwò tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà, ẹ yí padà lójú ẹsẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Kòkó ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé jù. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ń gbé inú ilẹ̀, ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà sì lè gbé e láti oko kan dé òmíràn. Nígbà òjò, ẹ má gba inú kòkó ẹlòmíràn kọjá, ẹ fọ bàtà kí ẹ tó wọ tiyín, ẹ má sì ká èso kiri. Bí wọ́n bá ń fín oògùn, ẹ gba ọ̀nà mìíràn pátápátá lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ń fín in ní ìbòmú, ọmọ tó ń kọjá kò ní.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ọ̀nà oko yín ń gba àlejò, ẹ gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kó fẹ̀ tó ènìyàn méjì, ṣùgbọ́n ẹ má fi iná sí i, pàápàá nígbà ọyẹ́. Afárá igi tó wà lórí odò kéékèèké ni kí ẹ máa yẹ̀ wò ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, kí ẹ pààrọ̀ pákó tí ikán ti jẹ, kí ẹ sì de okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí arúgbó lè dì mú.