Bí ẹnjiníà rédíò ṣe lè múra kí AI má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Iṣẹ́ ìjókòó ni AI kọ́kọ́ ń gbà nílé iṣẹ́ rédíò: títo orin àti ìpolówó sínú playout (ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé wọn sáfẹ́fẹ́), gígé ohùn, kíkọ ohun tí àlejò sọ sílẹ̀, gígé fídíò sí kékeré fún Facebook. Bó bá jẹ́ pé èyí nìkan lẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ má tan ara yín jẹ. Iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́ta ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti ń di ti ẹnìkan. Ṣùgbọ́n AI ò lè gun máàsì (òpó gíga tó gbé áńtẹ́nà), kò sì lè gbóòórùn wáyà tó ń jó. Ẹni tí ilé iṣẹ́ á máa wá ni ẹni tó mọ tiransímítà (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́), tó tún mọ nẹ́tíwọ̀kì, tó sì lè mú kí ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ lóru máa ṣiṣẹ́ nígbà tí sítúdíò ti ṣófo.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tiransímítà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń sá fún. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ máa kọ sínú ìwé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: forward, ìyẹn agbára tó ń lọ sí áńtẹ́nà, àti reflected, èyí tó ń padà wá. Bí VSWR, òṣùwọ̀n tó ń fi bí agbára ṣe ń padà hàn, bá tó 1.5, ìdá 4 nínú 100 ló ń padà. Lórí tiransímítà 5 kW, 200 W nìyẹn. Bó bá ń ga sí i, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná, àwọn olùgbọ́ tó wà lọ́nà jíjìn á sì máa pè pé àwọn ò gbọ́ yín mọ́.

Bí reflected bá ń gòkè nígbà òjò tó sì ń wálẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ràn, omi ti wọ ojú kébù. Bó bá fò sókè lójijì lẹ́yìn tí àrá sán, ẹ fura sí connector (ibi tí kébù ti so pọ̀) tàbí áńtẹ́nà fúnra rẹ̀. Bí ẹ ó ṣe mọ ibi tó ti bàjẹ́ rèé. Ẹ pa tiransímítà, ẹ tú kébù áńtẹ́nà kúrò, kí ẹ so dummy load (ohun tó ń gba agbára dípò áńtẹ́nà, tó ń sọ ọ́ di ooru) tó lè gba gbogbo agbára náà sí ipò rẹ̀. Dummy load 1 kW lórí ẹ̀rọ 5 kW á jó kí ẹ tó ka nọ́ńbà tán. Ẹ tan ẹ̀rọ sí ìdá 10 nínú 100, kí ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bí reflected bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, ara tiransímítà le. Kébù tàbí áńtẹ́nà ló ń ṣàìsàn, kí ẹ yẹ connector wò níkọ̀ọ̀kan láti inú ilé jáde. Bí kò bá yí padà, filter (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ àmì rédíò) tàbí ohun tó ń wọn reflected gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni tó gun máàsì, ẹ ti breaker tiransímítà pa ní kọ́kọ́rọ́. Àpò ẹni tó ń gùn ún ni kí kọ́kọ́rọ́ náà wà, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá tó wà nísàlẹ̀.

Iná ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ lè gbé iná láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà playout tó kú á gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jí. Bí playout, míksà àti STL (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn láti sítúdíò lọ sí ìdí tiransímítà) bá jọ ń jẹ 600 W, bátìrì 12 V 9 Ah méjì nínú UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ) jẹ́ 216 Wh lórí ìwé. Tí ẹ bá fà á kíákíá báyìí, ẹ má retí ju ìdajì lọ: bí ìṣẹ́jú 10. Ooru ni ọ̀tá bátìrì, torí náà ẹ gbé UPS jìnnà sí ẹ̀yìn tiransímítà.

Nẹ́tíwọ̀kì ló ń ba ọ̀pọ̀ ẹnjiníà àtijọ́ lẹ́rù, ibẹ̀ sì ni owó wà báyìí. Ohùn sítéríò kan tó ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọjá ní 48 kHz, 24-bit, jẹ́ 2.304 Mb lójú ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ tó ka ẹrù packet (ìdì kéékèèké tí nẹ́tíwọ̀kì fi ń gbé ohùn) mọ́ ọn. Kò pọ̀, ohun tó ń pa á lára ni àìdọ́gba àsìkò. Nítorí náà, ẹ ra managed switch (switch tí ẹ lè ṣètò fúnra yín), ẹ ya VLAN (ọ̀nà àdáni lórí nẹ́tíwọ̀kì) ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára Wi-Fi ọ́fíìsì, ẹ fún aago PTP, tó ń mú àsìkò gbogbo ẹ̀rọ dọ́gba, ní ipò àkọ́kọ́ nínú QoS (ètò tó ń sọ ohun tó máa kọ́kọ́ kọjá), kí ẹ sì pa Energy Efficient Ethernet. Ohun tí wọ́n fi ń dín owó iná kù yìí máa ń jẹ́ kí ohùn já wẹ́wẹ́, àwọn èèyàn á sì máa dá míìkì lẹ́bi láìmọ̀.

Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gbé ohùn láti sítúdíò lọ sí ìdí máàsì, SRT (ìlànà tó ń tún ohùn tó sọnù lọ́nà fi ránṣẹ́) dára. Ẹ ping ibùdó náà, ìyẹn ni pé kí ẹ wọn àsìkò lílọ bíbọ̀: tí ó bá gba 60 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ms kan), ẹ fi latency (àkókò ìdúró) sí 240 ms, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin. 120 ms tí wọ́n ti fi sínú SRT tẹ́lẹ̀ kì í tó tí ọ̀nà bá dọ̀tí. Ẹ ní ọ̀nà kejì pẹ̀lú, èyí tí kò gba orí òpó kan náà.

Bí AI bá ń ka ìròyìn lóru, silence detector (ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé ohùn ti dákẹ́, tó sì ń fi orin rọ́pò) di dandan. Ẹ fi sí −40 dBFS (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lọ sílẹ̀ tó) fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Tí ẹ bá fi sí ìṣẹ́jú àáyá 5, oníwàásù tó kàn dánu dúró díẹ̀ á gbọ́ orin lójijì. Ẹ ṣọ́ra fún ariwo earth (ìkùn tó ń ti wáyà ilẹ̀ wá): tí míksà bá ń kùn ju −40 lọ, detector kò ní mọ̀ láé pé afẹ́fẹ́ ti dákẹ́. Kò sì lè mọ̀ tí fáìlì kan ṣoṣo bá ń yí po láti aago méjì òru. Èèyàn ló ń gbọ́ ìyẹn, torí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi àpẹẹrẹ ohùn ìṣẹ́jú àáyá 30 ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tuntun kan tún wà tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè gbà: ṣíṣe àtúnṣe ohun tí AI kọ sílẹ̀. Whisper, AI tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀, tí OpenAI gbé jáde lọ́dún 2022, ka Yorùbá mọ́ èdè tó ń gbọ́, ṣùgbọ́n àmì ohùn sábà máa ń dà á láàmú. “Ọkọ̀ pa á” jẹ́ jàǹbá ojú pópó. “Ọkọ pa á” jẹ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹjọ́ náà sì lè ti ibẹ̀ kan ilé iṣẹ́ yín. Ẹ gba ohùn láti direct out (ihò ìjáde tààrà) míìkì kọ̀ọ̀kan, ní WAV, kí orin abẹ́nú àti processor (ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe kó tó lọ sáfẹ́fẹ́) tó dé ibẹ̀. Ìṣìṣe á dín kù gan-an, torí àlejò méjì kò ní máa sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí nínú fáìlì kan.

Ẹ lo AI fún ara yín náà. Ẹ gba log (àkọsílẹ̀) tiransímítà ní CSV (fáìlì oníìlà), ìlà kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ ní kó wá ọjọ́ tí ooru inú ẹ̀rọ ga nígbà tí agbára kò yí padà. Fáànù tàbí filter ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á. Ẹ yọ password àti IP (àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ̀kì) kúrò kí ẹ tó fún un. Bó bá dárúkọ menu kan tí kò sí nínú ìwé ẹ̀rọ yín, ìwé ni kí ẹ gbà gbọ́, torí AI máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò sí.

Nígbà tí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ má dúró sórí rédíò nìkan: ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe livestream, ilé iṣẹ́ òpó fóònù, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáfẹ́fẹ́. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ àbùkù lọ síbẹ̀: ọjọ́, nọ́ńbà tí ẹ kà, ohun tí ẹ kọ́kọ́ rò, ohun tó jẹ́ gan-an, ìṣẹ́jú mélòó ni afẹ́fẹ́ fi dákẹ́. Ojú ewé ogún báyìí sàn ju sátífíkéètì kan tí kò sí iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.