Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Ètò Ìdènà Oògùn Olóró Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́ Àdúgbò Ń Ṣiṣẹ́

Ètò parí, wọ́n ka orí: ọ̀dọ́ 400 ló wá, ìwé ìléwọ́ 1,000 ni wọ́n pín, fọ́tò kún inú fóònù. Wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó fowó sílẹ̀ pé ètò yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé mélòó nínú 400 yẹn ni kò fẹnu kan ọtí láti oṣù tó kọjá, kò sẹ́ni tó máa rí èsì fọ̀. Iye orí sọ pé iṣẹ́ wáyé; kò sọ pé iṣẹ́ náà so èso.

Àwọn ètò tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn pàápàá ti kọsẹ̀ níbí. D.A.R.E. bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1983: ọlọ́pàá ló ń wọ kíláàsì lọ kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa kọ oògùn olóró. Ó tàn káàkiri Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó oríṣiríṣi ìgbéléwọ̀n rẹ̀ jọ ní 1994, ipa tí wọ́n rí lórí lílo oògùn kéré gan-an. Ìpolongo orí tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà dáwọ́ lé ní 1998 gbé owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là mì, àwọn tó gbé e lé ìwọ̀n kò sì rí i pé ó dín igbó mímu kù láàárín àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú àgbà ni wọ́n fi rí i pé ó dára, ojú àgbà kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ìgbéléwọ̀n tó nílààrí, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ti ń parí. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ètò parí kó tó wá ẹni tó máa wọ̀n ọ́n ti pẹ́ jù, nítorí kò ní mọ ibi tí àwọn ọmọ náà wà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ kọ okùn ètò náà sílẹ̀

Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ètò náà, kí ẹ fi ìwé kan ṣoṣo kọ ohun mẹ́ta tó so kọ́ra: ohun tí a máa ṣe, ohun tí ìyẹn máa yí padà nínú ọkàn tàbí nínú ilé ọmọ, àti ohun tí ọmọ kò ní máa ṣe mọ́. Bí àpẹẹrẹ, ètò kan ń kọ́ àwọn òbí ní ìpàdé 7. Okùn rẹ̀ lè lọ báyìí: òbí wá sí ìpàdé 5 ó kéré tán; òbí bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí ọmọ wà àti ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́; àǹfààní láti mutí níbi tí àgbà kò sí dín kù; iye ọmọ tó mutí yó ní ọjọ́ 30 tó kọjá dín kù. Oríkèé kọ̀ọ̀kan nínú okùn yìí gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n.

Tí àwọn tó ń ṣe ètò kò bá lè sọ oríkèé àárín, tó jẹ́ pé "a máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sì jáwọ́" nìkan ni wọ́n ń wí, ẹ má tíì wọn ohunkóhun. Ètò yẹn gan-an ni kò tíì délẹ̀.

Ohun tí ẹ máa wọ̀n

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n wọn ìmọ̀. Wọ́n á béèrè ìbéèrè 10 kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún béèrè wọn nígbà tó parí, máàkì á sì gòkè. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì kì í gòkè lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó mọ gbogbo ewu sìgá lè máa fa sìgá. Ìṣe ni kí ẹ wọ̀n.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn olùwádìí sábà máa ń gbà béèrè nípa ìṣe: ṣé o ti lò ó rí láyé rẹ, ṣé o lò ó láàárín oṣù 12 tó kọjá, ṣé o lò ó láàárín ọjọ́ 30 tó kọjá. Ti ọjọ́ 30 ló tètè ń fi ìyípadà hàn. "Láyé rẹ" kò lè lọ sílẹ̀ fún ọmọ kan náà: ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò, ó ti tọ́ ọ wò náà nìyẹn. Síbẹ̀ ó wúlò fún àwọn ọmọ ọdún 12 tàbí 13, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ẹ fẹ́ mọ iye wọn. Ó sì tún ń tú àṣírí: bí ọmọ tó pọ̀ bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́dún tó kọjá tí wọ́n wá dáhùn "rárá" lọ́dún yìí, ìdáhùn wọn kò ṣeé gbára lé.

Ẹ ya ohun kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ọtí, sìgá, igbó, sìgá oníbátìrì, oògùn ilé ìwòsàn tí dókítà kò kọ fún wọn, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fà símú: ìbéèrè tirẹ̀ ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń pè é. Ẹ pe ọ̀dọ́ bíi 8 sí 10 kí wọ́n bá yín ka ìwé ìbéèrè náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àgbà rò pé ó yé wọn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ oògùn tí kò sí láyé sáàárín wọn. ESPAD, ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Yúróòpù láti 1995, ti lo orúkọ àfọwọ́dá "Relevin". Ọmọ tó bá ní òun ti lò ó ń ṣàwàdà tàbí ń fẹgẹ̀. Ẹ yọ ìwé rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì kọ iye irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn.

Ta ni ẹ máa fi wọ́n wé?

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìgbéléwọ̀n ti ń ṣubú.

Bí ọ̀dọ́ ṣe ń dàgbà ni lílo ọtí àti oògùn ń pọ̀ sí i láàárín wọn, yálà ètò wà tàbí kò sí. Ká ní àwọn ọmọ inú ètò yín tó ń mutí jẹ́ 12 nínú 100 nígbà ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n di 18 lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹni tí kò ní ohun tó máa fi wé e á ní ètò ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n bí àdúgbò kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 12 bá ti dé 25, ètò yín ti gba ọmọ 7 nínú 100 sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni ìyàtọ̀ láàárín ìyípadà méjèèjì. Iye ti ìparí nìkan kò lè sọ ọ́ fún yín.

Ẹ yan àdúgbò tàbí ilé-ìwé tó jọra ní ọjọ́ orí, ní bí àwọn ènìyàn ṣe rí jẹ, àti ní bí ọwọ́ ọmọdé ṣe ń tètè tó ọtí. Ẹ má yan èyí tó sún mọ́ yín jù. Tí àwọn ọmọ ibi méjèèjì bá ń lọ sí ilé-ìwé kan náà, ohun tí a kọ́ àwọn tibí á dé ọ̀dọ̀ àwọn tọ̀hún, ìyàtọ̀ á sì pòórá. Tí ibi 6 bá ń fẹ́ ètò tí owó kò sì tó ju 3 lọ, ẹ ṣẹ́ kèké: 3 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, 3 dúró di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ọ̀nà tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó fúnni ní ìfiwéra tó mọ́ tó o.

Tí kò bá sí ibi ìfiwéra rárá, ẹ máa bi àwọn ọmọ ọdún 15 léèrè lọ́dọọdún, kí ẹ fi ọmọ ọdún 15 ti ọdún yìí wé ọmọ ọdún 15 ti ọdún tó kọjá. Ẹ má fi wọ́n wé ara wọn nígbà tí wọ́n jẹ́ 14. Bí Iceland ṣe ṣe é nìyẹn: láàárín 1998 sí 2016, iye àwọn ọmọ ọdún 15 àti 16 tó mutí yó ní ọjọ́ 30 tó kọjá sọ̀ kalẹ̀ láti 42 sí 5 nínú 100. Síbẹ̀, ní ọdún wọ̀nyẹn náà, ọtí mímu láàárín ọ̀dọ́ dín kù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn. Ìdí nìyẹn tí èmi ò fi ní í fi gbogbo ògo náà fún ètò ìdènà tí Iceland ṣe nìkan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọdún burúkú. Wọ́n sábà máa ń gbé ètò lọ sí àdúgbò kan lẹ́yìn ọdún tí nǹkan le jù níbẹ̀. Ohun tó bá ga ju bó ṣe máa ń wà lọ á padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá àkọsílẹ̀ ọdún 3 sẹ́yìn ó kéré tán, kí ẹ má baà gba oríyìn ohun tí ẹ kò ṣe.

Iye ọmọ tó pọn dandan

Láti rí ìyàtọ̀ láàárín 20 àti 15 nínú 100 dájúdájú, pẹ̀lú òdiwọ̀n tí àwọn oníṣirò sábà ń lò, ó gba ọmọ bí 900 ní apá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi tí ètò wà àti ibi ìfiwéra. Àwọn ọmọ kíláàsì kan náà sì ń jọra wọn. Tí ìjọra yẹn bá jẹ́ 0.02 (0 ni pé wọn kò jọra rárá, 1 ni pé wọ́n jọra délẹ̀), tí ẹ sì mú ọmọ 30 ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fi 1.58 sọ iye náà di púpọ̀ (1 + 29 × 0.02), á sì lé ní 1,400. Ètò kékeré tó ní ọmọ 60 kò lè fi irú èyí hàn láéláé. Irú ètò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wọn oríkèé àárín dáadáa, kí wọ́n wò ó bóyá ó wáyé bó ṣe yẹ, kí wọ́n má sì ṣèlérí pé àwọn máa fi iye ọlọ́tí hàn.

Ọjọ́ ìbéèrè

Ọmọ á sọ òtítọ́ tó bá dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ni. Ẹ má jẹ́ kí tíṣà máa rìn láàárín àga; ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó fi ìwé rẹ̀ sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn tó ń ṣe ètò kò gbọ́dọ̀ pín ìwé náà, nítorí ọmọ tó fẹ́ràn wọn á kọ ohun tó máa dùn mọ́ wọn. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ẹ wá ẹni ìta fún iṣẹ́ yìí. Nǹkan bí 10 nínú 100 owó ètò tó láti yà sọ́tọ̀ fún un.

Láti so ìwé ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ti ìparí láìlo orúkọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ohun tí kì í yí padà ṣe àmì tirẹ̀: lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìyá, ọjọ́ tí wọ́n bí i nínú oṣù, iye ẹ̀gbọ́n tó ní. Àwọ̀ tó fẹ́ràn kò dára, á ti yí padà kí ẹ tó padà dé. Àmì àwọn kan kò ní bára mu síbẹ̀. Ẹ fàyè sílẹ̀ fún un nígbà tí ẹ bá ń ṣírò iye ọmọ.

Ní ti ìyọ̀ǹda òbí, ẹ tẹ̀lé òfin ibi tí ẹ wà. Ẹ kàn mọ̀ pé níbi tí òbí ti gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kí ọmọ tó kópa, àwọn ọmọ tó wà nínú ewu jù ni ìwé wọn kì í sábà padà wá. Bákan náà ni àwọn tí kò wá sílé-ìwé lọ́jọ́ náà. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì nítorí wọn.

Gbogbo ọmọ ni kí ẹ fún ní nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti lè rí ìrànlọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ẹni tó béèrè nìkan lẹ fún, ẹ ti fi í hàn.

Ṣé ètò wáyé bí wọ́n ṣe kọ ọ́?

Ìwé sọ pé ìpàdé 10. Ìwé àkọsílẹ̀ wíwá fi hàn pé ìpàdé 3 ni ọ̀pọ̀ ọmọ wá. Tí èsì bá burú, èwo ló burú, ètò ni àbí bí wọ́n ṣe ṣe é? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sí ìpàdé 1 nínú 5, láìsọ tẹ́lẹ̀ èwo ni, pẹ̀lú ìwé tó to àwọn ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kó máa sàmì sí ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n fò, àti ohun tí wọ́n fi kún un. Ohun tí wọ́n sábà ń fò ni ìdánrawò láàárín àwọn ọmọ, nítorí ariwo rẹ̀, wọ́n á sì fi ìwàásù dí àyè rẹ̀. Ìdánrawò yẹn sì ni ọkàn ètò.

Nígbà tí èsì bá dé

Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó ti kúrò. Ọmọ 300 bẹ̀rẹ̀, 39 nínú wọn ń mutí, ìyẹn 13 nínú 100. Ọmọ 210 ló kù ní ìparí, 19 ń mutí, ìyẹn 9 nínú 100. Ó jọ pé ètò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí 20 nínú àwọn 90 tó kúrò bá jẹ́ ọlọ́tí láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó jáwọ́. Àwọn ọlọ́tí ló lọ. Ìdáhùn ìbẹ̀rẹ̀ àwọn 210 tó kù ni kí ẹ fi wé ìdáhùn ìparí wọn.

Kí ẹ tó ṣí èsì, ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa fi ṣèdájọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá wo ohun 20, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jọ pé ó yí padà láìnídìí.

Ẹ wá ìpalára náà. Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́: kíkó àwọn ọ̀dọ́ tó ti wà nínú wàhálà jọ sójú kan lè mú kí wọ́n kọ́ ìwà burúkú lára ara wọn, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà sì ti kìlọ̀ nípa èyí láti 1999. Bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ètò yín, ẹ wo èsì àwọn ọmọ yẹn lọ́tọ̀.

Ẹ padà wọ̀n lẹ́yìn oṣù 6 àti oṣù 12. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń tàn bí iná ewé, tí kò ní ku nǹkan kan lẹ́yìn ọdún kan, owó tí wọ́n sì yọ kúrò ní ti oṣù 12 ni wọ́n sábà ń kábàámọ̀ jù.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ ìròyìn jáde, ẹ má fi iye hàn fún ẹgbẹ́ tí kò tó ọmọ 10, nítorí ní ilé-ìwé kékeré, "ọmọbìnrin méjì ní kíláàsì kẹta" ti ju orúkọ lọ. Tí ẹ bá sì ti so ìwé ìkẹyìn, ti oṣù 12, mọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ tán, ẹ jó ìwé àwọn àmì náà.