Bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn kátárátì (àrùn tó ń mú kí awò inú ẹyinjú ṣú) tí kò ríran dáadáa

Sọ̀rọ̀ kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n: "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Èmi nọ́ọ̀sì ni, mo fẹ́ wo ojú yín." Má fà wọ́n lọ́wọ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ ni kí wọ́n dì mú. Abẹ́òkúta ìlú olókùúta, àtẹ̀gùn rẹ̀ kì í sábà dọ́gba, torí náà kà á sí wọn létí.

Oògùn ojú ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Fọwọ́ rẹ, fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kán ẹyọ kan. Ẹnu ìgò kò gbọdọ̀ kan ojú, kí kòkòrò má baà wọ inú rẹ̀. Bí oògùn bá jẹ́ méjì, fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èkejì á fọ àkọ́kọ́ dànù. Fi rọ́bà wé ìgò kan kí ọwọ́ wọn lè dá a mọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, béèrè iṣẹ́ òòjọ́ oníkálukú. Aládìrẹ ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta tó ń tẹ̀ba sórí ìkòkò aró gbọ́dọ̀ sinmi títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Kí Bàbá jókòó kírun, kí omi àlùwàlá má kan ojú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. (Kí wọ́n má sì dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.) Ìbòjú oníke tó ń dáàbò bo ojú náà lálẹ́, ó pọn dandan.

Bí ìrora bá ń le sí i, tàbí tí ìríran ń dínkù, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà lóru. Oyin, ìtọ̀ àti àgbo kò gbọdọ̀ kan ojú náà rárá.