Bí mo ṣe yẹ ẹ̀dà dísìkì mi wò kí n tó dá a padà

Nígbà tí dísìkì kọ̀ǹpútà alágbèéká mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, mo ti ní ẹ̀dà odindi rẹ̀ nípamọ́: fáìlì kan ṣoṣo tí mo fi dd, àṣẹ Linux tó ń ṣe àdàkọ dísìkì, ṣe, tí mo fi gzip fún pọ̀, tí mo sì tọ́jú sórí dísìkì àgbékiri méjì. Mo ra SSD, ìyẹn dísìkì tuntun, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ da ẹ̀dà náà sórí rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé àwòrán ìsìnkú ìyá mi àgbà wà nínú ẹ̀dà náà.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe ẹ̀dà náà, mo ti kọ èsì sha256sum rẹ̀, àmì 64 gbáko tó dà bí ìtẹ̀ka fáìlì náà, sínú fáìlì kékeré kan. Mo wá ní kí sha256sum -c fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wé e. Àkọ́kọ́ dáhùn pé FAILED, àyà mi sì já. Gzip -t, tó ń yẹ fáìlì tí a fún pọ̀ wò, ló fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn mí: «unexpected end of file». Fáìlì náà gé láàárín. Ó jọ pé mo ti yọ okùn dísìkì yẹn kí ó tó kọ ọ́ tán. Èkejì dáhùn pé OK.

N kò dúró síbẹ̀, nítorí pé ohun tí sha256sum ń jẹ́rìí sí kò ju pé fáìlì náà kò yí padà láti ọjọ́ tí a ti ṣe é. Bí ètò fáìlì orí dísìkì bá ti bàjẹ́ kí a tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ìbàjẹ́ yẹn gan-an ni a tọ́jú. Mo tú ẹ̀dà náà síbi tí àyè wà, mo lo losetup -r -P kí Linux lè máa rí i bíi dísìkì gidi tí a kò lè kọ nǹkan sí, mo sì fi e2fsck -fn, àṣẹ tó ń wá àṣìṣe nínú ètò fáìlì, yẹ ìpín ext4 (irú ètò fáìlì Linux kan) inú rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe gbàgbé lẹ́tà n yẹn o: òun ni kì í jẹ́ kí e2fsck tún ohunkóhun ṣe. Ìpele márààrún àyẹ̀wò náà parí láìsí àṣìṣe. Mo ṣí àwòrán mélòó kan, gbogbo wọn sì mọ́ kedere.

Kí n tó fi dd dá a padà, mo fi lsblk wo orúkọ SSD lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi blockdev --getsize64 wo ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé bí ó bá fi báìtì kan péré kéré sí dísìkì àtijọ́, ìparí ẹ̀dà náà kò ní ráyè. Kọ̀ǹpútà náà tàn. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo pa ẹ̀dà tó gé rẹ́, tí mo sì ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀ láti ara èyí tó pé.