Bí àjọ tó ń ran ọmọdé lọ́wọ́ ṣe lè yan agbaṣẹ́ṣe ìtẹ̀wé

Bí ẹ bá ní kí ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta dá iye lé “ìwé ìtàn ọmọdé kékeré, ẹ̀dà 5,000”, ẹni kìíní lè fi bébà 70 gíráàmù (ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin kan bébà náà) ṣírò, kí ẹnì kejì fi 80, kí ẹnì kẹta fi 100. Iye mẹ́ta máa dé ọwọ́ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ á mú èyí tó kéré jù, láìmọ̀ pé bébà fẹ́lẹ́ ló mú un kéré. Owó tí àwọn èèyàn dá nítorí ọmọ ti ṣòfò kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Nítorí náà, àlàkalẹ̀ iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ìwọ̀n ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán, iye ojú ìwé, irú bébà àti ìwọ̀n rẹ̀, iye àwọ̀, bí wọn yóò ṣe dì í, iye ẹ̀dà, iye tí yóò wà nínú páálí kan, ibi tí wọn yóò gbé e dé, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Àpẹẹrẹ kan rèé:

Ìwé ìtàn ọmọdé. A5 (mílímítà 148 sí 210), kó dúró lóòró. Ojú ìwé 32 nínú, èèpo lọ́tọ̀. Inú: bébà funfun 80 gíráàmù, àwọ̀ mẹ́rin lójú méjèèjì. Èèpo: bébà dídán 250 gíráàmù, àwọ̀ mẹ́rin níta, ọ̀rá tí kì í dán lé e lórí. Pínnì méjì láàárín. Ẹ̀dà 5,000, 50 nínú páálí kan, kí orúkọ ìwé àti iye ẹ̀dà wà lára páálí kọ̀ọ̀kan.

Ìwé tí wọ́n bá máa fi pínnì dì láàárín, iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi mẹ́rin pín, torí pé bébà kan tí a ṣẹ́ po máa ń di ojú ìwé mẹ́rin. Bí ìtàn yín bá parí sí ojú ìwé 30, 32 ni wọn yóò tẹ̀, méjì yóò ṣófo, ẹ ó sì sanwó rẹ̀. Ẹ fi àwòrán tí ọmọ lè kùn sí ojú méjì yẹn. Ìwé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ ní pínnì rárá, torí ọmọ á tú u, á sì kó o sẹ́nu. Ẹ ní kí wọ́n rán an tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kí igun rẹ̀ sì rí róbótó. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé yíǹkì àti ọ̀rá rẹ̀ bá EN 71-3 mu. Ìyẹn ni ìlànà Yúróòpù lórí iye òjé àti àwọn èròjà olóró mìíràn tó lè jáde lára ohun ìṣeré ọmọdé.

Irú ẹ̀rọ tún ń yí iye padà. Ẹ̀rọ tó ń lo pílétì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ya ojú ìwé sí) gbówó lórí níbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọ̀ mẹ́rin túmọ̀ sí pílétì mẹ́rin fún ojú bébà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà bá ti ń pọ̀ sí i ni iye orí ẹ̀dà kan ń wálẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà kò nílò pílétì, ó sì dára fún ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà tàbí igba. Ẹ ní kí wọ́n dá iye lé ẹ̀dà 1,000, 3,000 àti 5,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó rí ibi tí iye ti já wálẹ̀.

Ta ni kí ẹ pè?

Ó kéré tán, ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ ti fi ojú ara yín rí. Ìwé iye owó mẹ́ta tó ní àṣìṣe kan náà nínú ọ̀rọ̀ kan náà, tàbí nọ́ńbà fóònù kan náà, ẹnì kan ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òṣìṣẹ́ tó bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ nínú ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó sì kúrò nínú ìgbìmọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kó má bàa dé iye tó yẹ kí ìgbìmọ̀ rí.

Ẹ lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lọ. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ wà lóòótọ́, tàbí alágbàtà lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Alágbàtà kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín yóò lọ sí ibi tí ẹ kò mọ̀, bó bá sì bàjẹ́, oníkálukú á máa nàka sí ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Àjọ ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sanwó fún ibi tí ọmọdé ti ń gbé bébà sí abẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti 138 ní ọdún 1973 àti ti 182 ní ọdún 1999, fi iṣẹ́ tó léwu sí ọdún 18 sókè. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pé ẹ lè wá yẹ ibi iṣẹ́ wò láìsọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń fi iye wéra, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹni tí kò bá àlàkalẹ̀ mu kúrò, kí ẹ tó ṣí ojú ìwé owó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ka gbogbo owó pọ̀: ìtẹ̀wé, ìdìwé, owó orí, owó ọkọ̀. Ẹni tó kéré jù lórí ìtẹ̀wé lè di ẹni tó wọ́n jù tí owó ọkọ̀ bá wọ̀ ọ́.

Àwòrán àti orúkọ ọmọ

Ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lè ní ojú ọmọ tàbí orúkọ rẹ̀. Ẹ má gbé àwòrán ọmọ kankan jáde láìjẹ́ pé òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ fọwọ́ síwèé, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì gbà. Orúkọ rẹ̀ pípé kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìlú rẹ̀. Ohun tí àjọ púpọ̀ máa ń gbàgbé ni bébà tó bàjẹ́. Kí àwọ̀ tó dọ́gba, ẹ̀rọ á ti tẹ ọ̀pọ̀ bébà dànù, bébà wọ̀nyẹn a sì máa jáde lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé bí ìdọ̀tí, pẹ̀lú ojú ọmọ lórí wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn yóò gé e wẹ́wẹ́, wọn yóò pa fáìlì rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, wọn kò sì ní fi iṣẹ́ náà polówó ara wọn. Kí ẹnì kan láti àjọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé e.

Ẹ̀dà àyẹ̀wò

Wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹyọ kan kí ẹ tó fọwọ́ sí ẹ̀dà àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà gan-an. Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí àwọ̀ yíǹkì, nítorí náà fáìlì gbọ́dọ̀ wà ní CMYK (àwọ̀ mẹ́rin ti yíǹkì), kì í ṣe RGB (àwọ̀ mẹ́ta ti ojú kọ̀ǹpútà), kí àwòrán jẹ́ 300 dpi (àmì kéékèèké 300 nínú íǹṣì kan) ní ìwọ̀n tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́, kí àwọ̀ ẹ̀yìn sì kọjá etí ìwé ní mílímítà 3, kí funfun má bàa yọ létí lẹ́yìn gígé.

Bí ìwé bá jẹ́ ti Yorùbá, ẹ ka àmì ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ́, ńṣe ni a ń gbé àmì òkè lé lẹ́tà tó ti ní àmì nísàlẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n gbé á tì í sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ rí i pé fọ́ǹtì wà nínú PDF náà, kí ilé ìtẹ̀wé má lè fi òmíràn dípò.

Ohun kan wà tí àṣìṣe rẹ̀ lè gba ẹ̀mí: tépù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ oṣù 6 sí 59 láti mọ ọmọ tí àìjẹunkánú ń bá jà. Bí ìwọ̀n yíká apá bá kéré sí mílímítà 115, àmì àìjẹunkánú tó le gan-an ni. Bí ilé ìtẹ̀wé bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fún fáìlì wọ inú bébà ní 97%, àmì 115 yóò bọ́ sí mílímítà 111.5. Ọmọ tí apá rẹ̀ jẹ́ 113 yóò ka 116, wọn yóò sì dá a padà sílé láìfún un ní ìtọ́jú tó nílò. Ẹ kọ “100%, ẹ má yí ìwọ̀n padà” sórí fáìlì, ẹ ní kí wọ́n lo ohun tí kì í fà, kí ẹ sì fi rúlà irin wọn ó kéré tán mẹ́wàá láti inú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Owó àti gbígba ọjà

Ẹ má san ju 30% sí 40% lọ ṣáájú, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ẹ̀dà àyẹ̀wò. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ní àṣà pé àwọn lè dín tàbí kún iye ẹ̀dà ní 5% sí 10%. Bí ẹ bá fẹ́ 5,000 gẹ́lẹ́, ẹ kọ ọ́. Ẹ tún kọ ìtanràn ìdádúró síbẹ̀, fún àpẹẹrẹ 1% fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọjà bá dé, ẹ lo òṣùwọ̀n. A4 mẹ́rìndínlógún ló ń kún mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà A4 80 gíráàmù kan wọn gíráàmù 5. Inú ìwé A5 olójú 32 jẹ́ A4 mẹ́jọ, ìyẹn gíráàmù 40. Èèpo 250 gíráàmù jẹ́ 15.6. Ìwé mẹ́wàá gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 556, ọ̀rá àti pínnì á sì fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá rí nǹkan bíi 506, bébà 70 gíráàmù ni wọ́n fi ṣe é. Ìṣírò yìí náà ló sọ fún yín pé ẹ̀dà 5,000 yóò wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 280, kí ẹ lè mọ irú ọkọ̀ tí ó nílò.

Ẹ ṣí ẹ̀dà 200 láti inú páálí oríṣiríṣi, kì í ṣe páálí tó wà lókè nìkan. Ẹ wo ojú ìwé tó fò, èyí tó dojú dé, pínnì tó jáde, àti ojú tí yíǹkì ti kùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí wọ́n dì í kó tó gbẹ. Bí ẹ bá rí èyí tó bàjẹ́ ju mẹ́wàá lọ, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà fún àtúnyẹ̀wò, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé ìgbà-ọjà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta tó dára sínú àpò ọ̀rá kúrò nínú oòrùn. Àwọn ni ẹ ó fi wé àwọ̀ nígbà tí ẹ bá tún ìwé náà tẹ̀, bóyá lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe mìíràn.