Bí a ṣe ń gbé ẹmọ́ òyìnbó àti ehoro lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Ìlọrin

Ẹmọ́ òyìnbó (guinea pig) kì í fi àìsàn hàn bọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i tó ká jọ sí kọ̀rọ̀, tí irun rẹ̀ dìde, tí kò sáré wá gba koríko lọ́wọ́ yín mọ́, àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Bí kò bá fẹnu kan oúnjẹ fún wákàtí 12, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Koríko tó ń wọlé ló ń ti ìfun rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí kò bá wọlé mọ́, ìfun á dúró, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, ó sì lè kú kí ọjọ́ kejì tó pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ehoro.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra Ampiclox tàbí amoxicillin ní kẹ́míìsì fún un. Oògùn yìí ti pa ọ̀pọ̀ ẹmọ́ tí àìsàn tó ń ṣe wọ́n gan-an kò tíì lè pa. Ó máa ń run àwọn kòkòrò rere tó ń bá a da koríko nínú ìfun, àwọn burúkú á gba àyè wọn, wọ́n á sì tú májèlé sílẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, ikú ló sábà ń tẹ̀ lé e. Penicillin, erythromycin, lincomycin àti clindamycin kò dáa fún un bákan náà, ehoro pàápàá kò gbọdọ̀ gbé wọn mì.

Ti kúrúnà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yá ivermectin màlúù. Ìgò tí wọ́n kọ 1% sí ní mìlígíráàmù 10 nínú mìlílítà kan. Ẹmọ́ tó wọn kìlógíráàmù kan kò nílò ju nǹkan bíi 0.02 sí 0.04 mìlílítà lọ, sìríǹjì mìlílítà 2 kò sì lè wọn ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà pò ó. Oògùn eégbọn ajá tó ní fipronil nínú, ẹ má fi kan ehoro rárá, ó ń pa á.

Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko àti ilé ìwòsàn tó wà fún un. Ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, nítorí adìyẹ, ajá, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ọ̀pọ̀ dókítà ń rí lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù, àti oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò fún ẹmọ́ òyìnbó. Bí wọ́n bá dárúkọ enrofloxacin tàbí trimethoprim pẹ̀lú sulfa, ọkàn yín lè balẹ̀. Bó bá jẹ́ amoxicillin ni wọ́n pè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ pe ibòmíràn.

Ooru ni ọ̀tá ọ̀nà. Bó bá ti ju dìgírì 27 lọ, ara ẹmọ́ òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín, bẹ́ẹ̀ ooru Ìlọrin nínú oṣù kẹta máa ń kọjá 35. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, kó gbéra ní ìdájí. Páálí tí ẹ lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáa, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àti koríko sínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé píọ̀-wọ́tà tó dì, kí ẹ gbé e sí igun kan, kó lè sún mọ́ ọn tàbí kó sá fún un. Ẹ má gbé e sí búùtù ọkọ̀. Bó bá ní ẹnì kejì, ẹ gbé àwọn méjèèjì, ẹ̀rù á dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ehoro pọ̀ mọ́ ẹmọ́: kòkòrò Bordetella tí kì í ṣe ehoro ní nǹkan lè fa òtútù àyà fún ẹmọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ti débẹ̀ kí ìrun Jímọ̀ tó tó.

Ẹ má febi pa á kí ẹ tó lọ, kì í bì. Ẹ kó ìgbẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà sínú ọ̀rá, kí ẹ mú díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ dání.

Tí dókítà bá fẹ́ gbé e, ọwọ́ kan á wà lábẹ́ àyà, ìkejì lábẹ́ ìdí. Ehoro tí wọ́n fi etí gbé lè ta ẹsẹ̀ kó fi ṣẹ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìwọ̀n àgbà ẹmọ́ jẹ́ gíráàmù 700 sí 1,200, ìgbóná ara rẹ̀ dìgírì 37.2 sí 39.5. Ẹ rí i pé wọ́n wo eyín ẹ̀yìn. Bí itọ́ bá ń rin ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, eyín ibẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí wọn kì í yé hù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀ ẹmọ́, ẹ béèrè X-ray, òkúta lè wà nínú àpò ìtọ̀. Ti ehoro yàtọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n láìsí ẹ̀jẹ̀.

Abo ẹmọ́ tí kò bímọ rí kó tó pé oṣù mẹ́fà sí méje, egungun ìbàdí rẹ̀ ti lè lẹ̀ pọ̀. Tó bá ń rọbí tí ọmọ kò jáde, wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e. Ehoro tó bá sì kú lójijì, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í lọ fún àyẹ̀wò.

Nílé, bí kò bá tíì máa jẹun, ẹ lọ oúnjẹ oníkóró rẹ̀ (pellet), ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí á fi rí bí ògì. Ẹmọ́ tó wọn kìlógíráàmù kan á gba mìlílítà 50 sí 80 láàárín wákàtí 24, lọ́nà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ ti ẹnu sìríǹjì mìlílítà kan wọlé láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn eyín iwájú, kí ẹ tẹ ìdajì mìlílítà, kí ẹ dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fi máa mì, tó ń jẹ, kí ẹ tó tún tẹ̀.

Ara ẹmọ́ kò lè dá fítámì C ṣe. Ẹ fi ọ̀bẹ gé hóró mìlígíráàmù 100 sí mẹ́rin, ẹ po ìdá kan mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ fún un lẹ́nu lójoojúmọ́. Bí ẹ bá dà á sínú omi mímu, agbára rẹ̀ á máa dín kù kíákíá. Tàtàsé àti gúáfà náà ní in dáadáa.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Bí gíráàmù 50 bá dín níbẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, kódà bó bá dà bíi pé ó ń jẹun.